Camry 'Big Daddy' tó ń gbóná lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì: Ẹ yẹ ihò bóòtù wò kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì mìíràn

Bí ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọkọ̀ ń jẹ omi, ẹ́ńjìnnì ń gbóná, mẹkáníìkì ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Ẹ sanwó, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Kò pẹ́ rárá, omi tún ti ń gbẹ. Tó bá jẹ́ Toyota Camry ọdún 2002 sí 2006 ni, èyí tá a mọ̀ sí Big Daddy, tó sì ń lo ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE oní-lítà 2.4, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni wàhálà wà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù?

Bóòtù irin 10 ló de tọ́ọ̀pù sílíńdà mọ́ búlọ́ọ̀kù. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù yìí, ó rọ̀ ju irin lọ, ooru sì máa ń jẹ́ kó wú ju irin lọ. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó tún ń tutù lójoojúmọ́, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò, ìyẹn àwọn ìlà tí bóòtù fi ń dì mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà já. Bóòtù mẹ́ta tó wà láàárín lápá ẹ̀yìn, níbi tó kọjú sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ló sábà máa ń kọ́kọ́ já. Láti 2007, Toyota ti jẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì náà gùn sí i.

Àwọn àmì tí ẹ máa rí

• Omi rádíétọ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò rí i nílẹ̀.
• Ipa omi tó ti gbẹ wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù.
• Bí wọ́n bá ń di bóòtù, ó kàn ń yí lásán, kò le.
• Bí wọ́n bá yọ ọ́, alumíníọ̀mù ti wé mọ́ ọn lára bíi wáyà.

Ohun tí kò lè ràn yín lọ́wọ́

Àwọn kan máa ń da gọ́ọ̀mù líle sínú ihò, àwọn mìíràn á fi tipátipá ki bóòtù tó sanra jù bọ̀ ọ́. Agbára tó ń ti tọ́ọ̀pù sókè nígbà tí epo bá ń jó nínú sílíńdà kì í ṣe kékeré. Gọ́ọ̀mù ò lè gbà á, bóòtù tó sanra jù sì lè la búlọ́ọ̀kù.

Àtúnṣe tó tọ́

Búùṣì irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì nínú àti lẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi sínú ihò náà. Time-Sert jẹ́ irú ẹ̀ kan. Heli-Coil ní tiẹ̀ dà bíi wáyà tí wọ́n ká.

1. Wọ́n á yọ tọ́ọ̀pù, wọ́n á bo àwọn ihò yòókù kí ìdọ̀tí má bàa wọlé.
2. Wọ́n á fi dírìlì fẹ ihò náà. Ó gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo irin atọ́nà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán dá a lu.
3. Wọ́n á gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò títí á fi mọ́ tó gbẹ. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá kù síbẹ̀, bóòtù lè fi la búlọ́ọ̀kù.
4. Wọ́n á yí búùṣì wọlé.
5. Wọ́n á yẹ tọ́ọ̀pù wò bóyá ooru ti jẹ́ kó tẹ̀.
6. Bóòtù tuntun ni kí wọ́n lò. Láti àárín ni wọ́n ti ń dì í bọ̀ síta, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn bó ṣe le tó, kí wọ́n tó wá yí ìkọ̀ọ̀kan ní dígírì 90 sí i.

Ó dáa kí wọ́n ṣe gbogbo ihò 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Ooru tó ba mẹ́ta jẹ́ ò yọ méje yòókù sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ ti ọdún kan náà ni, àìsàn kan náà lè wà lára ẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kí mẹkáníìkì tó de gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ bi í pé: "Ṣé tírẹ́ẹ̀dì ṣì dá?" Kó jẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí bóòtù náà.