Láti Ọbọ-Ayégúnlẹ̀ dé Atlanta: Ọjọ́ Oníwákàtí 29

Aago mẹ́fà àárọ̀. A ti di ẹrù sínú mọ́tò láti alẹ́ àná, ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun ò ní gbéra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti pa Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú ti ìlú Koro láàfin, lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ìrìn òru ti di èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Yèyé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti múra tán. Ọmọ wọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, èmi ni mo máa sìn wọ́n débẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án. A ti kọjá Osi, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo, a ti wọ Ìlọrin. Mo na omi sí Yèyé.

“Rárá, ọmọ mi. Níbo ni n ó ti tọ̀?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé ìtọ̀ tí àgbà obìnrin lè wọ̀ láìtijú ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn: wọn ò fẹnu kan omi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì sọ̀kalẹ̀.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ìkẹjà. Wákàtí mọ́kànlá ti lọ, a ò tíì fojú kan bàlúù.

Ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, wọ́n wọn àpò wa kí ó má ju kílò 23 lọ. Èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kọjá. Ẹran ìgbẹ́ tí àbúrò wọn dì fún wọn kò kọjá, torí Amẹ́ríkà kì í gbà á wọlé. Mo ti ní kí wọ́n fún wa ní àga onítáyà, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n Yèyé ní àwọn kì í ṣe aláìsàn. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà.

Aago mọ́kànlá alẹ́, bàlúù gbéra.

Aago méjì òru. Orí òkun la wà. Ẹsẹ̀ Yèyé ti wú, bàtà kò gbà á mọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́, ó sì fẹ́lẹ́ tó ti orí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Lọ́dún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde: ẹni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìrìn àjò, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Kò wọ́pọ̀, bí ẹnìkan nínú 6,000 ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣí lẹ́sẹ̀ tó gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó lè pani. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ni pé ìwádìí náà kò yọ mọ́tò sílẹ̀. Láti Ọbọ ni ara Yèyé ti ń ka ìjókòó yìí.

Mo jí wọn. A rìn dé ẹ̀yìn bàlúù, a padà. Wọ́n mu omi ife méjì láìjanpata, torí ilé ìtọ̀ wà nítòsí. Wọ́n ń gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó. Aago mẹ́rin, aago mẹ́fà, a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oorun tó wá gbé wọn.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí a balẹ̀. Ní Atlanta, aago mẹ́fà àárọ̀ ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún òbí tó wà nílé, ẹ má ka wákàtí bàlúù nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn l'Ékòó fún ọjọ́ méjì, tàbí kí wọ́n wọ bàlúù láti Ìlọrin. Ẹ ti béèrè àga onítáyà sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sí wọn lẹ́sẹ̀ rí, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà rí wọn kí ẹ tó sanwó.