Wáyà Já Sílẹ̀, Iná Ò Lọ: Ìtàn Kókó Tí Wọ́n So Mọ́ Ilẹ̀

 

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí mo fojú ara mi rí. Mo ṣì kéré nígbà tí òjò kan já wáyà iná ńlá ládùúgbò wa. Wáyà náà sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà bí ejò. Kò ṣáná, kò dún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé fáànù ṣì ń yí nílé wa. Bàbá àgbàlagbà kan na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n dí wa lọ́nà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kọjá ibí o. Nǹkan yẹn ò sùn o."

Ó pẹ́ kí n tó béèrè ìbéèrè tó yẹ: kí ló dé tí iná ò gé ara rẹ̀? Bíréékà inú ilé máa ń já bí wáyà bá kan wáyà. Kí ló ṣe ti ìta?

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Iná mànàmáná dà bí arìnrìn-àjò tó gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti jáde. Bí kò bá rọ́nà padà, kò ní ṣàn. Bíréékà ò lójú tó fi ń rí wáyà tó ṣubú. Iná tó ń ṣàn nìkan ló ń mọ̀, bóyá ó pọ̀ jù, tàbí ó ń gba inú ilẹ̀ padà. Bí ilẹ̀ ò bá lọ́nà tó padà dé inú tiransifọ́ọ̀mà, wáyà lè sùn sílẹ̀ títí kí bíréékà má mọ nǹkan kan.

Ta ló wá pinnu pé kí ọ̀nà wà tàbí kó má wà? Ẹ jẹ́ ká padà sí Jámánì.

Ní 1889, Mikhail Dolivo-Dobrovolsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń ṣiṣẹ́ fún AEG ní Berlin, ṣe tiransifọ́ọ̀mà fún iná fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta. Ní 1891, wọ́n fa iná náà láti Lauffen, lẹ́bàá odò Neckar, dé ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Frankfurt. Kìlómítà 175 ni. Ó tan nǹkan bí gílóòbù 1,000, ó sì tún fa omi sókè fún ìṣàn omi àtọwọ́dá kan. Látìgbà náà ni ayé ti gbà pé wáyà mẹ́ta ló yẹ kó máa gbé iná lọ sọ́nà jíjìn.

Wáyà mẹ́ta túmọ̀ sí kọ́ìlì mẹ́ta, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sì ní orí àti ìdí. Báwo la ó ṣe so wọ́n pọ̀? Ọ̀nà kan ni kí a so ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní kókó kan. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní star. Èkejì ni kí a so ìdí ẹni kìíní mọ́ orí ẹnì kejì, ìdí ẹnì kejì mọ́ orí ẹnì kẹta, títí yóò fi di onígun mẹ́ta. Delta nìyẹn. Star ní kókó tí a lè so mọ́ ilẹ̀. Delta ò ní kókó rárá.

Ọ̀pọ̀ àwọn ẹnjiníà àkọ́kọ́ fẹ́ràn kí wọ́n má so nǹkan kan mọ́ ilẹ̀. Ìdí wọn dára létí: bí wáyà kan bá kan ilẹ̀, iná ò ní lọ, fátírì á máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló di wàhálà. Lórí wáyà 33kV, nǹkan bí 19kV ló máa ń wà láàárín wáyà kọ̀ọ̀kan àti ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá kan ilẹ̀, àwọn méjì tó kù á fò sókè dé 33kV sí ilẹ̀. Ibi tó kan ilẹ̀ náà á máa ṣáná, á kú, á tún ṣáná, ìnira á sì máa pọ̀ sí i lórí wáyà yòókù, títí kébù á fi bẹ́ níbòmíràn. Bí ọ̀nà wáyà ṣe ń gùn sí i ni ewu náà ń pọ̀ sí i.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Waldemar Petersen, ọmọ Jámánì, mú ojútùú kan wá: kọ́ìlì kan láàárín kókó star àti ilẹ̀, tí ń pa iná tó ń ṣá náà. Wọ́n ṣì ń lò ó ní Jámánì títí dòní. Ṣùgbọ́n ó nílò kókó. Kí ni ẹni tó ní delta máa ṣe?

Ibẹ̀ ni tiransifọ́ọ̀mà ìsomọ́lẹ̀ ti wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe kókó fún ẹni tí kò ní. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀. Àkọ́kọ́ ni star-delta: apá star la ó so mọ́ wáyà, kókó rẹ̀ á wọlẹ̀, apá delta á wà ní dídì láìgbé iná fún ẹnikẹ́ni. Ó wúlò fún ẹni tó bá ti ní tiransifọ́ọ̀mà lásán nílẹ̀. Èkejì ni zigzag, kọ́lọkọ̀lọ. Òpó irin mẹ́ta ló ní, kọ́ìlì méjì ló wà lára òpó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á so kọ́ìlì òpó yìí mọ́ ti òpó kejì, ní yíyí orí padà.

Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ gbogbo, iná díẹ̀ ló ń gbà á kọjá, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí wáyà bá kan ilẹ̀, iná á gba kókó wọlé, á pín sí mẹ́ta lọ́gbọọgba. Lára òpó kọ̀ọ̀kan, kọ́ìlì méjèèjì á máa fa ara wọn lódìlódì bí ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba lórí okùn kan. Kò sí ẹni tó borí, ọ̀nà á sì ṣí fún iná láti kọjá. Bíréékà á rí i, á já. Nítorí pé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré ló fi ń ru ẹrù ńlá, ó kéré, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n ju star-delta lọ fún iṣẹ́ kan náà.

Báwo lèyí ṣe kàn wá? Òfin 1926 ní Gẹ̀ẹ́sì ló bí ọ̀nà iná 132kV wọn. Àwọn ẹnjiníà wọn yan star lápá 132, nítorí pé kókó tó wọlẹ̀ ń dín owó ohun tí a fi ń bo kọ́ìlì kù. Wọ́n yan delta lápá 33, nítorí pé ó ń gbé ìgbì tí ń da iná rú mì. Ìlànà yẹn bá wa délé. Ní 1962, wáyà 132kV àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà so Ìjọra l'Ékòó mọ́ Ìbàdàn. Bí ẹ bá dé ibùdó 132/33kV, ẹ lè rí tiransifọ́ọ̀mà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá. Kékeré yẹn ló ń ṣe kókó fún delta náà. Ó tún lè ní kọ́ìlì mìíràn tó ń tan gílóòbù inú ibùdó.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìtàn yìí ti lè gba ẹ̀mí là. Kókó tó wọlẹ̀ ń ran bíréékà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí wáyà bá sùn sórí iyanrìn gbígbẹ tàbí ọ̀dà títì, iná tó ń gba ilẹ̀ padà lè kéré débi tí bíréékà ò fi ní mọ̀. Ẹ̀rọ ò rí i, àmọ́ ara èèyàn á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì jí wáyà kọ́pà tó wọlẹ̀ ní ibùdó, ojú ọ̀nà tí iná ń gbà padà ló gé yẹn.

Mo máa ń rántí bàbá yẹn. Wọn ò mọ star, wọn ò mọ delta. Wọ́n kàn mọ̀ pé wáyà tó já tí iná ò lọ, ẹni tí kò sùn ni. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ dí ọ̀nà fáwọn ọmọdé, kí ẹ pe àwọn oníná.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí iná wa má fa omi ẹkún.