Ìtàn "Shall" àti "Will" nínú Ìbéèrè Ọjọ́ Iwájú

Ní 1653, John Wallis fi èdè Látìn kọ ìwé lórí gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí ẹnìkínní bá ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lásán, "shall" ni kí ó lò. Bí ó bá ń ṣe ìlérí tàbí ìhàlẹ̀, kí ó lo "will". Ti ẹnìkejì àti ẹnìkẹta yàtọ̀: òdìkejì ni. Ní 1762, Robert Lowth fi kún un pé òfin yìí sábà máa ń yí padà nínú gbólóhùn ìbéèrè. "Will you go?" ń wádìí ìpinnu ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, "Shall I go?" ń wádìí ohun tí ẹlòmíràn fẹ́.

Ní 1925, Charles Fries yẹ èdè inú àwọn eré orí ìtàgé wò, ó sì rí i pé ìlò kò bá òfin àwọn onígírámà mu. Síbẹ̀, "Shall I?" kò kú.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ àwa akọ́mọlédè? Yorùbá ti ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: "Ṣé kí n lọ?" ń tọrọ àṣẹ, "Ṣé n ó lọ?" ń bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi èkejì túmọ̀ "Shall I go?" ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.