Péjà Onínọ́ńbà: Ìgbékalẹ̀, Ìlò àti Ìbátan Rẹ̀ pẹ̀lú Àrokò

Péjà onínọ́ńbà jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ bẹ́líìtì tàbí tí a ń fi sí àpò, tí ó ń gba àmì òǹkà láti inú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń fi wọ́n han ẹni tí ó ni ín. Kì í gba ohùn, kì í gba lẹ́tà, kì í sì í fèsì. Òǹkà láti òdo dé ẹẹ́sàn-án àti ìwọ̀nba àmì mìíràn ni gbogbo ohun tí ó lè gbé. Ìtumọ̀ iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ wà nínú àdéhùn tí ẹni tí ó ránṣẹ́ bá ẹni tí a ránṣẹ́ sí ṣe ṣáájú. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ yìí fi kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, nítorí pé kí ẹ̀rọ kankan tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń fi iye owó ẹyọ ránṣẹ́ sí ara wọn nínú àrokò.

Ìtàn ní ṣókí

Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Al Gross, ni a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe irú ẹ̀rọ yìí àkọ́kọ́, ní ọdún 1949. Ilé ìwòsàn kan ní New York ni ó kọ́kọ́ lò ó ní ọdún 1950, láti fi pe àwọn dókítà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ fara mọ́ ìlànà ìfiránṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní POCSAG, èyí tí ìgbìmọ̀ kan lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀. Ìlànà yìí ni àlàyé ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Bí òǹkà ṣe ń rin afẹ́fẹ́

Péjà kì í gba òǹkà bí a ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé. A máa ń sọ àmì òǹkà kọ̀ọ̀kan di ibùdó mẹ́rin, ibùdó kọ̀ọ̀kan sì lè wà ní ipò méjì péré. Méjì ní ọ̀nà mẹ́rin báyìí yóò fúnni ní oríṣi mẹ́rìndínlógún. Mẹ́wàá nínú wọn dúró fún òdo sí ẹẹ́sàn-án. Àwọn yòókù wà fún àlàfo, àmì ìdè, àkámọ́ àti irú wọn. Ẹni tí ó bá ti rí ojú ọpọ́n Ifá yóò dá ìṣirò yìí mọ̀: ibùdó mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ni ó bí ojú odù mẹ́rìndínlógún. Ìṣirò nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ sọ pé ọ̀kan bí èkejì.

A máa ń di àwọn àmì náà ní ìdì-ìdì. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní ibùdó 32: ọ̀kan ń sọ bóyá iṣẹ́ ni ó wà nínú ìdì náà tàbí ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tí a ń ránṣẹ́ sí, 20 gbé àmì òǹkà márùn-ún, 11 tí ó kù sì wà fún yíyẹ àṣìṣe wò. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká Nàìjíríà, tí ó jẹ́ àmì 11, yóò gba ìdì mẹ́ta.

Ìgbékalẹ̀ péjà

Nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ bára mu kí péjà tó lè gba iṣẹ́. Ìgbì rédíò tí a ṣe é fún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ tí ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ń lò. Ìyára ìfiránṣẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba; 512, 1200 àti 2400 ni àwọn ìyára tí ó wọ́pọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, péjà yóò tàn, yóò sì máa fi aago hàn, ṣùgbọ́n adití ni. Lẹ́yìn èyí, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ó kù.

1. Fi bátìrì sí i. Ọ̀pọ̀ péjà ń lo ẹyọ kan ṣoṣo, irú AA tàbí AAA. Kíyè sí àmì + àti −. Bí ó bá wọlé dáadáa, ẹ̀rọ náà yóò dún tàbí kí ó gbọ̀n.

2. Ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ àmì méje, kí o sì fi í fún ilé iṣẹ́ náà. Ìlànà POCSAG fi àyè sílẹ̀ fún ìdánimọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ilé iṣẹ́ náà yóò wá fún ọ ní nọ́ńbà fóònù tí àwọn ènìyàn yóò máa pè.

3. Ṣètò aago àti ọjọ́. Péjà máa ń kọ àkókò tí iṣẹ́ dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí aago rẹ̀ kò bá sì tọ́ kò ní mọ èyí tí ó pẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

4. Yan ọ̀nà ìkìlọ̀: dídún tàbí gbígbọ̀n.

5. Dán an wò. Fi fóònù mìíràn pe nọ́ńbà náà, kí o sì tún un ṣe ní àwọn ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, pàápàá nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ nípọn.

Ìlò

Ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ yóò pe nọ́ńbà péjà náà, yóò dúró títí yóò fi gbọ́ ìró ìkésíni, yóò tẹ àwọn àmì òǹkà, yóò tẹ #, yóò sì gbé fóònù sílẹ̀. Láìpẹ́, péjà ẹni tí a ránṣẹ́ sí yóò dún. Òun yóò tẹ bọ́tìnnì láti kà á, yóò sì yàn bóyá kí ó tọ́jú rẹ̀ tàbí kí ó pa á rẹ́. Àyè inú ẹ̀rọ náà kò pọ̀: bí ó bá kún, iṣẹ́ tuntun yóò gba ipò èyí tí ó ti pẹ́ jùlọ tí a kò tọ́jú.

Ìlò tí ó rọrùn jùlọ ni kí a fi nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́, kí ẹni náà lè pè wá padà. Bí a bá fẹ́ kí òǹkà sọ ju èyí lọ, a nílò àdéhùn.

Àdéhùn

Ká fi ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Karaworo, ní Lọ́kọ́ja, ṣe àpẹẹrẹ lásán. Wọ́n fún àwọn nọ́ọ̀sì ní péjà, wọ́n sì fẹnu kò pé àmì méjì àkọ́kọ́ dúró fún yàrá, ìkẹta fún irú iṣẹ́, ìkẹrin fún bí ó ti yá tó. Ẹni tí ó bá rí 0431 yóò kà á báyìí: yàrá kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ipò kìíní. Ṣùgbọ́n kí ni ipò kìíní? Bí ẹni tí ó ránṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n sí ‘ó yá ju gbogbo rẹ̀ lọ’, tí ẹni tí ó gbà á mọ̀ ọ́n sí ‘ó lè dúró’, ẹ̀rọ ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìkù síbì kan, síbẹ̀ abiyamọ lè kú sí yàrá kẹrin.

Nítorí náà, àdéhùn péjà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kí ó ní ọjọ́ lórí, kí ẹ̀dà kan náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo fóònù àti lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó ní péjà. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ iye ìṣẹ́jú tí a ó fi dúró de ìpè padà. Bí àkókò náà bá kọjá, a ó tún iṣẹ́ náà rán. Bí kò bá tún sí èsì, a ó rán ènìyàn lọ.

Òǹkà nínú àrokò

Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ fún ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí i. Bí òun náà bá fara mọ́ ọn, ó lè fi ẹẹ́jọ dáhùn: ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ìró ni ó gbé ìtumọ̀ yìí. ‘Fà’ tí ó gbẹ̀yìn ẹẹ́fà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ‘fà’ bára mu ní fáwẹ̀lì, ní kọ́ńsónáǹtì àti ní ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘jọ’ inú ẹẹ́jọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ‘jọ’. Kì í ṣe gbogbo òǹkà ni ó ṣe é lò lọ́nà tí ó mọ́ tónítóní báyìí. Ohùn àárín ni ó gbẹ̀yìn ẹẹ́rin, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti ‘rìn’, ohùn òkè ni ti ‘rín’; ẹni tí ó bá fẹ́ fi 4 dúró fún ìrìn tàbí ẹ̀rín ti yẹ ohùn sílẹ̀.

Owó ẹyọ ti wà nínú orúkọ òǹkà wọ̀nyí fúnra wọn. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ni pé láti ara ‘owó kan’ ni ‘oókan’ ti wá, tí ‘eéjì’, ‘ẹẹ́ta’ àti àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Charles Andrew Gollmer, míṣọ́nnárì CMS tí ó ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àrokò fún àwọn ará Yúróòpù. Ọdún 1885 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́nù.

Àrokò ní ohun tí péjà kò ní. Owó ẹyọ méjì tí ó dojú kọ ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀, èyí tí ó kẹ̀yìn síra wọn ń sọ̀rọ̀ ìjà, bẹ́ẹ̀ méjì ni méjèèjì. Péjà mọ iye àti ètò, kò mọ ìdojúkọ. Àrokò sì ní ìránṣẹ́ tí ó lè mú èsì bọ̀.

Ọgbọ́n fífi ìró òǹkà sọ̀rọ̀ tún sọ jí láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń lo péjà ní àwọn ọdún 1990. Ní Jàpáànù, wọ́n ń fi 4649 ránṣẹ́, wọ́n sì ń kà á sí ‘yoroshiku’, ọ̀rọ̀ tí a fi ń tọrọ ojú rere. Ní Gúúsù Kòríà, 8282 di ‘ppalli ppalli’, èyí ni ‘kíákíá’. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí ọmọlúàbí náà gbọ́ èdè tí a fi sọ ààbọ̀ náà.

Òǹkà kan, èdè púpọ̀

Lọ́kọ́ja mú kókó yìí ṣe kedere. Níbẹ̀ ni Odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Níbẹ̀ ni Lugard ti kéde ìjọba agbègbè Àríwá Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900. Níbẹ̀ sì ni olú ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ọdún 1991. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, ń gbé pẹ̀lú àwọn Nupé, Haúsá, Ígálà, Ebira àti àwọn mìíràn. Gbogbo wọn ni yóò rí 6 lójú péjà. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò pè é ní ẹẹ́fà. Orúkọ tí Ígálà ń pè é súnmọ́ èyí púpọ̀, nítorí ìbátan èdè méjèèjì. Haúsá yóò pè é ní ‘shida’, kò sì ní gbọ́ ‘fà’ kankan nínú rẹ̀. Òǹkà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìró rẹ̀ jẹ́ ti èdè kan. Nítorí náà, àdéhùn tí ó dá lórí ìró bá àwọn tí ó jọ gbọ́ èdè mu. Àdéhùn ilé ìwòsàn, tí gbogbo ènìyàn ń lò, gbọ́dọ̀ dá lórí àkọsílẹ̀.

Láàrin àwọn Yorùbá pàápàá, ọ̀nà ìkàwé gbọ́dọ̀ yé ara ẹni. A lè ka 16 ní ẹyọ-ẹyọ, kí ó jẹ́ oókan àti ẹẹ́fà. A sì lè kà á ní odindi, kí ó jẹ́ ẹẹ́rìndínlógún, tí ẹẹ́rin ń dún nínú rẹ̀ nítorí pé ogún dín mẹ́rin ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ‘fà’ dún níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹyọ-ẹyọ ni a ó máa kà.

Fíláàṣì, àbúrò péjà

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, owó ìpè wọ́n, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni a sì fi ń san án. Ní ọdún 2003 ni Glo wọlé pẹ̀lú sísan owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn ènìyàn dá fíláàṣì sílẹ̀: kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, kí a pa á. Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ ‘pè mí’, ẹ̀ẹ̀mejì lè jẹ́ ‘mo ti délé’. Nínú fíláàṣì, iye ìdún nìkan ni ó kù láti kà, àdéhùn sì ni ó gbé gbogbo ìtumọ̀.

Ààlà péjà

Àléébù méjì ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ìkíní, POCSAG kò fi iṣẹ́ pamọ́: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ó yẹ lè ka òǹkà tí ó ń kọjá. Èkejì, péjà onínọ́ńbà kì í fèsì. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, tàbí bí ẹni tí ó ni ín bá jáde kúrò ní agbègbè ìgbì rédíò, ẹni tí ó ránṣẹ́ kò ní mọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe èsì.

Ẹ̀rọ náà ti ń lọ sílé. Iṣẹ́ péjà tí ó kẹ́yìn fún gbogbo ènìyàn ní Jàpáànù parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ jáwọ́ nínú lílo péjà fún iṣẹ́ tí kì í ṣe pàjáwìrì títí dé òpin ọdún 2021.

Àgbálọgbábọ̀

Ìgbékalẹ̀ méjì ni péjà onínọ́ńbà ń béèrè: ti ẹ̀rọ àti ti àdéhùn. Ti ẹ̀rọ kì í gba wákàtí kan. Ti àdéhùn kì í parí níwọ̀n ìgbà tí ẹni tuntun bá ń wọ inú àwọn tí ó ń lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìwádìí sí i lè kó òǹkà Yorùbá láti oókan dé ẹẹ́wàá jọ, kí ó wo èyí tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀-ìṣe kan mu, kí ó sì fi wé ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti rí iye òǹkà tí ó lè jẹ́ iṣẹ́ láìsí ìwé àlàyé, àti iye tí kò lè ṣe é.