Owó Oníbodè Lẹ́nu Ọ̀nà Ìmọ̀

Nígbà tí àwọn ìlú Yorùbá ṣì ní odi, oníṣòwò kan kò lè gbé ẹrù wọ ìlú láì bá oníbodè pàdé. Oníbodè ni ó ń gba owó lẹ́nu ibodè fún ọba àti àwọn ìjòyè; ẹni tí kò bá rí owó san, ẹ̀yìn odi ni yóò dúró sí. Irú ibodè bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ìmọ̀ ìṣègùn òde òní. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, bí àwọn kan ṣe ṣí i, àti ibi tí wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i tán, ni a ó gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí.

Inú jọ́nà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń sọ ohun tí wọ́n bá rí fún ara wọn. Ọdún 1665 ni Henry Oldenburg, akọ̀wé ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Philosophical Transactions jáde. Fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ ni ọ̀pọ̀ jọ́nà wà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn oníṣòwò bíi Robert Maxwell, tí ó ni ilé-iṣẹ́ Pergamon, wá rí i pé èrè ńlá wà nínú rẹ̀. Òwò náà ṣàjèjì. Owó ìjọba ni a sábà fi ń ṣe ìwádìí. Ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ náà wò bóyá ó péye, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Síbẹ̀, yunifásítì tí ó bí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi owó rà á padà. Ẹni tí iṣu bá wọ́n jù fún lè ra gààrí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá àpilẹ̀kọ kan lórí àrùn kan kò lè fi òmíràn dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí owó jọ́nà fi ń gòkè láìsí ẹni tí ó lè bá wọn ná an.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ kan láti Jámánì kọ ọ́ sínú jọ́nà kan ní Yúróòpù pé àwọn rí àmì àrùn Ẹ̀bólà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan ní Làìbéríà, wọ́n sì ní kí a máa ka orílẹ̀-èdè náà mọ́ ibi tí àrùn náà wà. Nígbà tí Ẹ̀bólà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2014, àwọn tí ìlera ìlú wà lọ́wọ́ wọn kò mọ̀ pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Ní 2015, Bernice Dahn, ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ìjọba Làìbéríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ́ sínú New York Times pé kí dókítà kan níbẹ̀ tó lè ka ọ̀kan nínú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀, yóò san dọ́là 45, tí ó tó nǹkan bí ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀mí tí ó lé ní 11,000 ni ó ṣòfò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àrùn náà dé Èkó láti Làìbéríà ní oṣù keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh sì wà lára àwọn tí ó bá a lọ. A kò lè búra pé bí wọ́n bá ti ka àpilẹ̀kọ náà ni, ikú wọ̀nyí ì bá má wáyé. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìkìlọ̀ wà, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kàn.

Ó ti pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí àwọn kan ti ń gbìyànjú láti ṣí ibodè yìí. Ní 1999, Harold Varmus, olórí NIH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ìwádìí ìlera, dábàá pé kí a kó àwọn àpilẹ̀kọ ìṣègùn sí ojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé lè kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé ta ko àbá náà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni PubMed Central ti jáde ní 2000. Varmus, Patrick Brown àti Michael Eisen wá kọ lẹ́tà kan tí nǹkan bí 34,000 onímọ̀ fọwọ́ sí, pé àwọn kò ní kọ̀wé sí jọ́nà tí kò bá ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Díẹ̀ ni àwọn òǹtẹ̀wé tí ó gbà. Ni wọ́n bá dá jọ́nà tiwọn sílẹ̀, PLoS Biology, ní oṣù kẹwàá ọdún 2003. Ìjọba náà kò gbẹ́yìn: láti 2008, ó di dandan pé kí iṣẹ́ tí a bá fi owó NIH ṣe di ọ̀fẹ́ láàárín oṣù méjìlá, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, kò sí ìdúró oṣù kankan mọ́.

Ibodè ṣí, ṣùgbọ́n oníbodè kò kúrò. Ó kàn gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà òǹkàwé lọ sí ẹnu ọ̀nà òǹkọ̀wé ni. PLoS Biology ń gba 1,500 dọ́là lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ní 2003; nígbà tí ó fi máa di 2021, Nature ń béèrè 9,500 owó yúrò lórí àpilẹ̀kọ kan. Wọ́n sábà máa ń fojú fo owó náà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù lọ. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà, tí Báńkì Àgbáyé kà sí ìpele kan lókè wọn, kì í rí àánú náà gbà tán lọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé kan. Nípa bẹ́ẹ̀, olùkọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn lè ka ohun tí àwọn ará òkè òkun kọ nípa ibà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ohun tí òun náà rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀, ó di kí ó wá owó ńlá. Ẹni tí a gbà láyè láti gbọ́ ọ̀rọ̀, tí a kò gbà láyè láti sọ̀rọ̀, a kò tíì kà á mọ́ àwùjọ.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Bràsíìlì, owó ìjọba ìpínlẹ̀ São Paulo wà lára ohun tí wọ́n fi dá SciELO sílẹ̀ ní 1998, kí àwọn jọ́nà ilẹ̀ náà lè dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni láìgbowó. Nílé níhìn-ín, ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà tí ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e síta fún gbogbo ayé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti Áfíríkà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí igbó bá bo ọ̀nà odò, agboolé kọ̀ọ̀kan ní í yọ ènìyàn láti lọ ṣán an, nítorí pé kò sí ẹni tí kì í mu omi. Ìmọ̀ tí ó ń gba ẹ̀mí là jọ ọ̀nà odò ju ẹnu ibodè lọ. Bí ìjọba àti àwọn yunifásítì wa kò bá ná owó sórí jọ́nà tiwa, kí òǹkọ̀wé má san nǹkan kan, kí òǹkàwé náà má sì san, ìkìlọ̀ mìíràn yóò tún wà ní ibì kan tí àwọn tí ó kàn kò ní rí i kà.