Àwọn Ibi Ìtàn Tó Yẹ Ká Fi Ojú Wa Rí ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò la mú wá lónìí, ìrìn àjò tí kò gba físà, tí ẹlòmíràn tilẹ̀ lè fi ọ̀kadà débẹ̀.

Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Àlùkùránì, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé kí ọmọ ènìyàn rìn lórí ilẹ̀, kó wo bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti rí. Ẹ yẹ Súrátù Ànkàbúùtì wò, ẹ yẹ Súrátù Rúùmù wò. Àwọn onímọ̀ àtijọ́ kò fi àṣẹ yìí ṣeré. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Ibn Battuta nígbà tó kúrò ní Tangier, ní ilẹ̀ Mòrókò, lọ́dún 1325. Ó dé Mẹ́kà, ó dé Íńdíà, ó ṣe adájọ́ ní Delhi. Nígbà tó di 1352, ó la aṣálẹ̀ kọjá wá sí Mali, lọ́dọ̀ àwa èèyàn dúdú. Ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ni àwọn òpìtàn ṣì gbá mú títí dòní bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ Mali ti rí láyé ìgbà náà.

Àwa ńkọ́? Bí àwọn Àlàájì wa bá ti Mẹ́kà dé, wọn a máa ròyìn òkè Úhúdù fún wa, wọn a máa ròyìn ihò Hírà àti bí orúnkún ṣe dùn wọ́n kí wọ́n tó gùn ún tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà rí Taj Mahal nínú tẹlifíṣàn, ilé òkúta funfun ìlú Agra tí Ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1632 sórí sàréè ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì lè ròyìn rẹ̀ fún yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Àkúrẹ́ pé kí ló wà lẹ́yìn ògiri ààfin Déjì tó ń gbà kọjá bó ṣe ń lọ Ọjà Ọba lójoojúmọ́. Yóò kàn máa wò yín lójú ni. Baba rẹ̀ gan-an kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ààfin náà. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ni Ọmọrẹ̀mílẹ̀kún, ẹni tí wọ́n ń pè ní Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ ọmọ Odùduwà. Nígbà tó dé ibi tí ìlú wà yìí, okùn àkún ọrùn rẹ̀ já, wọ́n ní àkún rẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Àkúrẹ́ ti jáde. Àwọn ará ìlú fi kíkọ́ ààfin àtijọ́ sí nǹkan bí 1150. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á rò pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun máa bá, àgbàlá ló máa bá, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá. Ùà ni àwọn Àkúrẹ́ ń pè é. Ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, olúkúlùkù ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ùà Ùbúra ni wọ́n ti ń búra. Ùà Ìkómọ ni wọ́n ti ń kó ọmọ tuntun jáde.

Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Àwọn baba wa á po amọ̀ náà, wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Òrùlé á wá dà sínú àgbàlá láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òjò lè bọ́ sí àárín, kó sì gba ojú àgbàrá jáde. Ọgbọ́n ńlá mà nìyẹn o! Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, atẹ́gùn ń wọlé, omi kò sì dúró. Ṣùgbọ́n ilé amọ̀ ní ọ̀tá kan. Ọjọ́ tí òrùlé bá ti jò tí kò sí ẹni tó gòkè lọ tún un ṣe, orí ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, òjò ọdún mélòó kan sì tó láti dá iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún padà sínú ilẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ààfin tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ti ka ti àtijọ́ mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í dí ihò òrùlé.

Ọba Adésidà Kìíní, tí títì tó la Àkúrẹ́ já ń jẹ́ orúkọ wọn, jọba láti 1897 títí di 1957, ọgọ́ta ọdún gbáko. Wọ́n wà lórí oyè nígbà tí Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá ní 1914. Ó ku ọdún mẹ́ta ká gba òmìnira ni wọ́n wàjà. Ẹ rò ó wò, iye ẹjọ́ tí wọ́n ti parí láàárín àwọn ùà wọ̀nyẹn! Àwọn tó lè tọ́ka pé ibí ni wọ́n ti ṣe báyìí, ibí ni wọ́n ti ṣe tọ̀hún, wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá rò pé 1150 ti pẹ́, ẹ lọ sí Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ihò kan wà nínú igbó ibẹ̀, Ihò Eléérú ni wọ́n ń pè é. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ wa ilẹ̀ inú ihò náà, wọ́n bá irin iṣẹ́ olókùúta lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì bá egungun ènìyàn kan tó ti lò ju ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá (11,000) ọdún lọ nínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún agbárí náà yẹ̀ wò ní 2011, wọ́n ní bó ṣe rí kò bá ti àwọn tí wọ́n jọ wà láyé mu, ó jọ ti àwọn tó ti wà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú wọn. Ọlọ́hun nìkan ló mọ iye àwọn tó ti sùn sórí ilẹ̀ tí à ń jà lé lórí yìí.

Láti Àkúrẹ́ náà, Ìdànrè kò jìnnà. Òkè Ìdànrè la fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, a kò ní fi pa mọ́. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó gun òkè náà, 682 ni, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà fún irú àwa tí eegun ti gbó. Bí ẹ bá dókè tán, ìlú lẹ ó bá, ìlú tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀ mọ́: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ibojì àwọn aráajọ́un, àti ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára òkúta tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ Agbógùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé bá a mu, ẹsẹ̀ àgbà bá a mu, àfi ti àjẹ́ nìkan. Àwa kò ní kí ẹ gba ìyẹn gbọ́ o. Orí òkè yìí làwọn baba wọn sá sí fún ogun. Nígbà tí ogun tán, tí oko àti ọjà wà nísàlẹ̀, ta ni yóò máa ru ẹrù gun òkè lálaalẹ́? Ní 1923, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Láti 2007 ni UNESCO ti kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n lè kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé. Kò tíì wọlé tán.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ti bi wá pé, "Ẹ̀yin Áfà, ṣé ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà lẹ fẹ́ ká kó ọmọ lọ?" Ìbéèrè gidi ni. Inú ààfin ní ojúbọ, orí òkè ní ojúbọ, a kò lè bò ó. Ẹlòmíràn tilẹ̀ rán wa létí pé nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń lọ sí Tàbúúkù, tí wọ́n kọjá ní Híjírì, ibùgbé àwọn Sàmúúdù, ó kìlọ̀ fún àwọn sàábé pé kí wọ́n má wọ ibẹ̀ àfi tẹkúntẹkún. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn Sàmúúdù, ìyà Ọlọ́hun ló pa wọ́n run. Ta ló sọ fún wa pé ìyà sọ̀ sórí Ìdànrè? Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ wọn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, Mùsùlùmí wà nínú wọn, Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wọn, a jọ ń ra kòkó, a jọ ń fẹ́ra wa. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí sì gba Íjíbítì láyé Sàyídínà Umar, abẹ́ Amr ọmọ Al-As, wọ́n bá àwọn ilé òkúta gogoro àwọn Fìráónà níbẹ̀. Wọn kò wó wọn. Wọ́n ṣì wà títí dòní. Híjírì fúnra rẹ̀, àwọn Sáúdì ló mú un wọ ìwé UNESCO ní 2008, àwọn àlejò sì ń wò ó.

Nítorí náà, ohun tí a rí sí i nìyí. Ẹ lọ wò ó, ẹ má forí balẹ̀ fún nǹkan kan. Ẹ má lọ ní ọjọ́ ọdún òrìṣà, ẹ má jẹ ohun tí wọ́n fi bọ ọ́. Bí ẹni tó ń mú yín kiri bá ní kí ẹ kúnlẹ̀ síbì kan, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé ẹ̀sìn yín kò gbà á, ó máa yé e. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ kó má fi èédú kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta.

Ó ku Oǹdó. Ìtàn Oǹdó fi ìdásílẹ̀ ìlú sí nǹkan bí 1510, obìnrin ló sì kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, Pupupu. Ìbejì ni. Láyé ìgbà náà, èèwọ̀ ni kí obìnrin bí ìbejì. Ẹnu ya ọba tó bí wọn, ó ní èèmọ̀ rè é, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ oyè Òṣemàwé ti wá. Àwọn kan ní Odùduwà ni ọba náà, àwọn kan ní Aláàfin Olúaṣo ni. Wọ́n lé ìyá tọmọtọmọ kúrò nílé. Àwa tí a kà á pé àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan ń sin ọmọbìnrin láàyè, irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́hun: ọmọ tí wọ́n lé lọ bí èèmọ̀ ló di ọba, òun ni ìlú ńlá fi ń yangàn. Àírò ọmọ rẹ̀ ló jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ọkùnrin ló ń jẹ Òṣemàwé, ṣùgbọ́n oyè obìnrin kan wà, Lóbùn, òun ló ń fi Òṣemàwé jẹ. Bí ẹ bá dé ààfin Òṣemàwé, ẹ bèèrè nípa Lóbùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín gbọ́ èsì.

Ìlú náà ti fìgbà kan dahoro. Ìjà abẹ́lé lé àwọn èèyàn sí Òkè Ọ̀pá àti àwọn ibòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1872, Gómìnà Glover ti Èkó ń wá ọ̀nà tí ọjà yóò fi máa dé òkè láìgba Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kọjá, ló bá rán Kápútéènì Goldsworthy wá bá wọn parí ìjà, wọ́n sì padà sí Òde Oǹdó. Ire tirẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ gba ìlú náà kọjá, ẹ rántí pé koríko ti hù níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, kí ọmọ tó wọ ilé-ìwé padà, ẹ mú ọjọ́ kan. Ẹ mú omi dání fún Ìdànrè, kí ẹ tètè gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ní Àkúrẹ́, ẹ wá àgbà kan tó mọ ààfin, ẹ fi fóònù gba orúkọ àwọn ùà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti hú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó'Lájà láàárín 1969 sí 1971, di ọ̀la lẹ́yìn ìṣínu, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.