Òjògán dúdú kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa sá fún jù: ìtàn bí wọ́n ṣe pín àkeekèé sí ìdílé

Ẹ jókòó o, thread yìí gùn díẹ̀. Ìtàn àkeekèé ni mo fẹ́ sọ lónìí, kì í sì í ṣe àlọ́. Ó ti lé ní igba ọdún ó lé àádọ́ta tí àwọn èèyàn ti ń yẹ ara àkeekèé wò, tí wọ́n ń sọ pé "èyí àti èyí, ọmọ ìyá ni wọ́n," tí wọ́n sì ń ṣì í pè lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ náà kan èmi àti ẹ̀yin ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé wa. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí a lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àkeekèé kan ta àbúrò mi ọkùnrin nídìí igi ìdáná. Kékeré ni, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti ewé gbígbẹ. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní "èyí ò tó nǹkan, kò kúkú ṣe òjògán." Ní ilé wa, òjògán ni wọ́n ń pe èyí tó dúdú, tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Wọ́n fi epo pa ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n ní kó lọ sùn. Kò sùn mọ́jú o. Ó ń làágùn, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ń bì. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Orí yọ ọ́. Ó ti ga jù mí lọ báyìí.

Lọ́jọ́ kẹta, òjògán ńlá kan jáde nídìí àmù. Ẹ wo eré! Gbogbo ilé túká. Ìyá àgbà fúnra wọn ló fi ọmọ odó fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn tí mo wá mọ̀ báyìí rè é: orúkọ òjògán yẹn nínú ìwé ni Pandinus imperator. Ó lè gùn tó 20 cm, ọwọ́ ẹ̀ sì nípọn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Àmọ́ bó bá ta èèyàn, ìrora ẹ̀ ò ju ti oyin lọ, àfi ẹni tí ara ẹ̀ bá kọ oró náà. Èyí tí wọ́n ní "kò tó nǹkan" yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé ọmọ sáré lé lórí.

Torí náà, títóbi kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Kí wá ni? Àwọn onímọ̀ gan-an ò tètè mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sweden, ọdún 1758. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carl Linnaeus ń gbìyànjú láti fún gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ní orúkọ nínú ìwé kan ṣoṣo, Systema Naturae. (Ìgboyà ńlá, àbí?) Gbogbo àkeekèé tó mọ̀ ló pè ní Scorpio. Ó wá kó wọn sáàárín àwọn kòkòrò tí kò níyẹ̀ẹ́, pẹ̀lú aláǹtakùn, alákàn àti iná orí. Bẹ́ẹ̀ ni, iná orí.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi í rẹ́rìn-ín jù, torí ó rí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá dojú àkeekèé délẹ̀ (èyí tó ti kú o, ẹ jọ̀ọ́), lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ó rí nǹkan méjì tó dà bí òòyà lábẹ́ ikùn. Ó máa ń fi wọ́n wọ́ ilẹ̀ bó ṣe ń rìn, òun ló fi ń mọ ohun tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí ẹranko mìíràn tó ní irú ẹ̀ láyé. Linnaeus ń ka eyín òòyà yẹn, ó sì ń wo bí ọwọ́ ṣe rí, ó fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé eyín òòyà akọ sábà máa ń pọ̀ ju ti abo lọ. Téèyàn ò bá ṣọ́ra, yóò tú tọkọtaya ká.

Ní 1801, Lamarck ní ilẹ̀ Faransé yọ àkeekèé àti aláǹtakùn kúrò láàárín kòkòrò. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó ti tán.

Ibi tí ìtàn yìí ti wá dùn mọ́ mi ni Jámánì. Ọ̀rẹ́ méjì kan, Hemprich àti Ehrenberg, rìnrìn àjò lọ sí Íjíbítì àti ilẹ̀ Lárúbáwá láti 1820 sí 1825, wọ́n ń kó ẹranko àti ewéko jọ. Ehrenberg nìkan ló padà wálé. Hemprich kú sí Massawa, létí Òkun Pupa. Nínú ohun tí wọ́n kó jọ ni àwọn àkeekèé aginjù wà, wọ́n sì pe àwọn kan ní Androctonus. Èdè Gíríìkì ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni "apànìyàn". Orúkọ yẹn ò parọ́ o.

Ọ̀nà tí Ehrenberg gbà pín wọn ni ojú. Ní 1837, C. L. Koch mú un lò dáadáa. Àkeekèé ní ojú méjì ńlá ní àárín ẹ̀yìn orí, ó tún ní àwọn kéékèèké létí iwájú, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ẹ̀: olójú 6, olójú 8, olójú 10, olójú 12. Ìdílé mẹ́rin, ó parí. Ó mọ́lójú, ó rọrùn, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Ó sì tún ṣìnà.

Nítorí àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn, òmíràn kéré débi pé ẹnì kan á rí i, ẹlòmíràn ò ní rí i. Àwọn tó jìnnà síra wọn pátápátá sì lè ní iye ojú kan náà. Nígbà tó yá, ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n tiẹ̀ rí Typhlochactas nínú ihò àpáta ní Mexico, kò lójú rárá. Koch ì bá kà á títí.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òjògán wa. Ní 1841, Koch yìí kan náà ló kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé nígbà àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn olójú mẹ́jọ ló gbé e sí, ó pè é ní Buthus imperator. Imperator, olú-ọba. Orúkọ yẹn yẹ ẹ́. Buthus ni kò yẹ ẹ́, torí lónìí Buthidae ni orúkọ ìdílé tí àwọn tó ń pa èèyàn jù lọ wà: àwọn Androctonus ti aginjù, Leiurus, Centruroides ti Mexico, Tityus ti Brazil. Ẹ rí i pé àṣìṣe ìyá àgbà mi, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pẹ̀lú ti ṣe irú ẹ̀ rí: wọ́n gbé òjògán sí ilé àwọn apànìyàn nítorí ohun tí ojú wọn rí. (Tiwọn gan-an, ojú ni wọ́n kà!)

Ní 1861, Wilhelm Peters ní Berlin ní kí wọ́n fi ojú sílẹ̀, kí wọ́n wo àyà. Pátákó kékeré kan wà láàárín ìdí ẹsẹ̀ àkeekèé, lábẹ́. Lára àwọn kan, ó rí ṣóńṣó, igun mẹ́ta. Lára àwọn mìíràn, igun márùn-ún. Àwọn kan tún wà, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí tiwọn fẹ́ pẹlẹbẹ bí ìlà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bìkítà fún, àmọ́ ó dára ju ojú lọ. Onígun mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ ti Buthidae. Òjògán wa, igun márùn-ún ni tiẹ̀. Thorell, ará Sweden, wá fún un ní orúkọ Pandinus ní 1876, ó sì kúrò ní ilé tí kì í ṣe tiẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Max Vachon. Ó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù ní Paris, àkeekèé Àríwá Áfíríkà ló sì fi orúkọ ṣe. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré: ní Algeria, ọ̀rọ̀ àkeekèé jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú ọmọdé, Institut Pasteur ní Algiers ló tẹ ìwé ńlá ẹ̀ jáde ní 1952. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe oògùn tó ń pa oró, oró àkeekèé gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí wọ́n fi oró ẹnì kan ṣe lè má ran ẹni tí òmíràn ta lọ́wọ́. Nítorí náà, kéèyàn mọ ta ni ta ni, kì í ṣe ìjókòó ìwé lásán.

Irun ni Vachon wò. Lára ọwọ́ àkeekèé, irun kan wà tó tín-ín-rín ju gbogbo ìyókù lọ, ó ń jáde láti inú ihò kékeré tó dà bí ife. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ díẹ̀, irun yẹn á mì. Òun ni àkeekèé fi ń mọ̀ pé tata kan ń kọjá nínú òkùnkùn. Vachon jókòó, ó ń kà wọ́n. Ó rí i pé kò sí ìdàrúdàpọ̀ níbẹ̀: àpẹẹrẹ mẹ́ta péré ló wà, ó pè wọ́n ní A, B àti C. A ní irun 39 lọ́wọ́ kan, B ní 37, C ní 48, gbogbo wọn ló sì ní ibi tí wọ́n máa ń hù sí. Àwọn kan máa ń ní àlékún, àmọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò yí padà. Kódà tí àkeekèé bá ti kú tipẹ́ nínú ìgò ọtí, tí irun ti já dànù, ihò ẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí jáde pátá ní 1974, títí dòní kò sí ẹni tó ń ṣe àpèjúwe àkeekèé tuntun tí kò ní ka irun.

A ni Buthidae. C ni òjògán.

Láàárín kan náà, wọ́n ti mọ̀ pé àkeekèé máa ń tàn. Ìwé jáde lórí ẹ̀ ní 1954: tẹ́ ẹ bá tan iná ultraviolet sí i lóru, á máa dán bíi búlúù tó papọ̀ mọ́ ewé. (Ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ẹ gbìyànjú ẹ̀, kẹ́ ẹ wọ bàtà.) Bí àwọn tó ń wá àkeekèé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná yìí jáde lálẹ́ nìyẹn, èyí tí wọn ò rí lọ́sàn-án wá ń tàn bí ìràwọ̀ nílẹ̀. Ìwé àkójọ tó jáde ní 2000 ka irú tó lé ní 1,200. Báyìí, wọ́n ti kọjá 2,500.

Bí ọjà ṣe ń kún, ìjà dé. Ní 2003, Soleglad àti Fet to gbogbo ìdílé àkeekèé lákọ̀tun nínú ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ní 2005, Prendini àti Wheeler ní New York dá wọn lóhùn. Wọn ò fi bọ̀ lábẹ́ aṣọ o, inú àkọlé gan-an ni wọ́n ti sọ pé ìlú tí kò lófin ni wọ́n fẹ́ sọ iṣẹ́ náà dà. Wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé orí app yìí nìkan la ti ń bára wa fa ọ̀rọ̀, ẹ má ì rí nǹkan.

Ní 2015, Sharma àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá gba inú àbùdá wọlé dípò ara. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n ti fi ojú kó jọ ló fọ́. Ó hàn pé ìrísí ara kan náà lè yọ lẹ́ẹ̀kan, kó tún yọ níbòmíràn, láìsí pé wọ́n bára wọn tan. Àmọ́ ìpín tó tóbi jù, tí Buthidae wà lápá kan, tí òjògán àti ọ̀pọ̀ ìyókù wà lápá kejì, kò yẹ̀.

Ó dáa, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Ohun táwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ìrù tó ki, ẹ ṣọ́ra. Ọwọ́ tó ki, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́, oró ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, torí ọwọ́ ló fi ń pa ẹran ẹ̀. Fún ọ̀dọ̀ wa, ó wúlò: Buthidae wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Hottentotta hottentotta wà lára wọn, kò tóbi, kò sì dẹ́rù bani lójú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dé Iran. Hemiscorpius lepturus wà níbẹ̀, ìrù ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe ọmọ Buthidae, kì í sì í dunni púpọ̀ tó bá kọ́kọ́ ta èèyàn. Lẹ́yìn náà ni oró ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀. Ó ti pa ọmọdé. Nítorí náà, bó bá ti jẹ́ ọmọdé ni àkeekèé ta, tó ń làágùn, tó ń datọ́, tó ń bì, ẹ má dúró wo àwọ̀ àkeekèé. Ọsibítù tààrà.

Ti òjògán tún kù díẹ̀. Láti 1995 ni òfin CITES ti ń ṣọ́ títà ẹ̀ sókè òkun, torí wọ́n ń kó o láti Ghana, Togo àti Benin lọ fún àwọn òyìnbó tó fẹ́ fi ṣe ẹran ọ̀sìn. Inú yàrá ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé e sí. Ìyá àgbà mi ò bá ṣubú lulẹ̀.

Mo fi thread yìí ránṣẹ́ sí àbúrò mi kí n tó gbé e síta. Ó ní òun fẹ́ mọ èyí tó ta òun gan-an. Mo ní kó rántí, ṣé ọwọ́ ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ àbí ó ki?

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló dúró wo ọwọ́ ẹ̀?"